Ọkọ̀ Tí Kò Balẹ̀ Láàárọ̀ Kùrukùru

"Àbúrò, bàbá rẹ nìyẹn o!" Ọ̀gá awakọ̀ bàálù rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí rédíò. "Gbọ́ ohùn àgbà bó ti ń dún bí ohùn ẹni tó jẹun yó."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun? Ohùn tó ń jí i láti kékeré ni. Nígbà tó ṣì ń lọ sílé ìwé, ilé wọn kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, bàbá rẹ̀ a sì máa mú un gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ibẹ̀ kọjá láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀, bàbá a dúró, a ní:

"Kí lo rí?"

"Mo rí táǹkì omi."

"O rí i ni, àbí o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Ọmọ a wò ó, a tún un wò, a wá bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni."

"Ojú ni mo bi, n ò bi ọpọlọ," bàbá a wí, wọn a sì máa bá tiwọn lọ, ìrì a máa rin bàtà ọmọ gbingbin. Ayé ìgbà náà dùn o. Ọwọ́ bàbá a máa gbóná nínú òtútù, ọ̀nà ilé ìwé kì í sì í jìn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọmọ ìjọ́sí di igbákejì awakọ̀ bàálù, òun ló sì kéré jù nílé iṣẹ́ wọn. Òwúrọ̀ tí à ń wí yìí ni bàbá rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì nílé ìṣọ́, níbi tó ti ń júwe ọ̀nà fún àwọn awakọ̀. Ọmọ ti bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀ yìí, kó lè jẹ́ pé òun ni bàbá máa sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ tó dáa, ó ń dúró nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́. Àfi bí kùrukùru náà ṣe wá síbi ayẹyẹ, tí ẹnikẹ́ni ò pè é.

"Kùrukùru yìí ki," ni bàbá wí lórí rédíò. "Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí òfin sọ, tẹ́ ò rí iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, ẹ padà sókè."

Bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyí: ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í gbójú kúrò lára àwọn aago iwájú rẹ̀, ẹnìkejì ni í wo ìta. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan nínú méjì: "Mo rí i," tàbí "N kò rí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń balẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gòkè. Èrò tó kún inú ọkọ̀ kò mọ̀ pé ẹnu ọmọ kékeré kan ni ẹ̀mí àwọn wà.

"Ojú ọ̀nà yìí? Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó," Ọ̀gá wí. "Bó bá ti hàn fìrí báyìí, tètè sọ ọ́. Àbí o fẹ́ kí àgbà lọ sílé láìrí ọ?"

Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀tún funfun, òsì funfun. Wọ́n dé ìwọ̀n náà. Lápá òsì, nǹkan kan mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, bí iná lẹ́yìn aṣọ títa. Ojú ọ̀nà kò lè jìnnà mọ́, ó dá a lójú. Ìyá rẹ̀ ń wòkè. "Mo" ti dé ètè rẹ̀.

"Àbúrò! Ṣé o rí i?"

Ìmọ́lẹ̀ ló rí. Kò rí ojú ọ̀nà.

"N kò rí i, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká gòkè."

Ọ̀gá pòṣé, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ọkọ̀ gbé imú sókè, ó ń bú ramúramù. Epo tó kù kò ju èyí tó máa gbé wọn dé ìlú kejì lọ.

Bàbá dáhùn lórí rédíò pé: "Mo gbọ́. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà." Ẹlòmíràn ló tún dá wọn lóhùn lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ bàbá parí síbẹ̀. Ọmọ kọjú sí fèrèsé kí Ọ̀gá má baà rí omijé rẹ̀. Nígbà tí èrò ń bọ́ sílẹ̀ nílùú onílùú, ọkùnrin kan kùn pé, "Àwọn ọmọdé ìwòyí, ojo ni gbogbo wọn!"

Ìrọ̀lẹ́ ni òun àti Ọ̀gá fi mọ́tò dé ilé. Bàbá jókòó síwájú ilé. Ọmọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ba ọjọ́ yín jẹ́."

"Dìde jàre. Ṣé o ti jẹun?" Bàbá fà á jókòó. "Nígbà tí kùrukùru ká, mo rìn dé apá òsì ojú ọ̀nà. Ṣé o mọ pápá ìṣeré tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe síbẹ̀? Wọ́n tan àwọn iná gíga rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sáré yípo lábẹ́ wọn."

"Ìmọ́lẹ̀ tí mo rí láàárọ̀ nìyẹn!" ọmọ wí. Ọ̀gá ṣí fìlà. "Bàbá, èmi ni mo ń kán an lójú."

"Mo mọ̀ ọ́, o kì í ní sùúrù," bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá kọjú sọ́mọ. "Àwọn ọkọ̀ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀, ta ló lè rántí wọn? Wọ́n balẹ̀, èrò bọ́, ó tán. Èyí tí ìwọ gbé padà sókè yìí ni n ó máa rò fún àwọn ọmọ rẹ."

Ó sì rò ó fún wọn lóòótọ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọbìnrin náà ti di Ọ̀gá fúnra rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹnu ẹni la fi í kọ mé-è-jẹ. Ohun tí ọkàn ń fẹ́ a máa sáré ṣíwájú ojú. Ẹni tó bá lè sọ pé "n kò rí i" níbi tí gbogbo ayé ti ń fẹ́ kó sọ pé òun rí i, kódà bí ó bá máa pàdánù ohun tó wù ú jù, òun ni ẹni tí a lè fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́.