Ìbéèrè Ẹ̀rín àti Ẹkún

Abẹ́ tábìlì ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọrùn, ó ń wò yíká bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́. Obìnrin tó fẹ́ dán an wò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Kí lẹ ń wá, sà?"

"Ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ ni, mà. Wọ́n ní ọgbọ́n àrékérekè pọ̀ nínú ìdánwò yín."

Awakọ̀ ojú irin ni. Iléeṣẹ́ wọn ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wọn òye rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí nìyẹn. Ó ń fi àwòrán, igi aláwọ̀ mèremère àti ìbéèrè wo bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin kan wà tí kì í rú: adánniwò ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ mọ̀ bóyá òun gba ìbéèrè tàbí òun ò gbà á. Ì báà sọ òótọ́, ì báà sọ ìsọkúsọ, gbólóhùn kan náà ló máa gbọ́.

"Kí ni ẹ̀rín àti ẹkún fi jọra?" ó bi í.

Awakọ̀ fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Àwọn méjèèjì kì í tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé."

Bírò obìnrin náà dúró díẹ̀. "Ẹ ṣé. Ó tún kù."

Iléeṣẹ́ gbé ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn fún Awakọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ máàkì tó gbà. Ó ní bóyá wọn ò rí ẹlòmíì ni. Lọ́jọ́ kan, ó rí adánniwò níwájú rẹ̀ lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì.

"Arábìnrin Ó-Tún-Kù!" ló pè é. "Búrẹ́dì ńkọ́, ó tún kù?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ṣéńjì rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "o" sì di "olólùfẹ́ mi".

Síbẹ̀, ọkàn Awakọ̀ ò balẹ̀. Tí obìnrin náà bá béèrè ibi tí wọ́n máa gbà délé, á wò ó fín-ín-fín. "Ṣé èyí náà wà lára ìdánwò?" Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó wà ní kékeré, olùkọ́ kan mú un dúró níwájú kíláàsì, ó ní kí gbogbo ọmọ wá wo olódo. Ká má sì parọ́, obìnrin náà ń ṣọ́ ọ lóòótọ́. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Tí Awakọ̀ bá ń wá ọ̀rọ̀, ojú obìnrin náà á ti yà sí aago ọwọ́ rẹ̀, á sì tún máa bá ara rẹ̀ wí.

Ìyá obìnrin náà tún wá burú jù wọ́n lọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. "Ìfura loògùn àgbà," ló máa ń wí. "Mi ò mọ irú orí tó wà lọ́rùn ọmọkùnrin yẹn."

Ọjọ́ tí Awakọ̀ wá kí i, màmá gbé oúnjẹ fún un, ó sì dúró títí ẹnu rẹ̀ fi kún.

"Ọmọ mi, kí ni ẹ̀rín àti ẹkún fi jọra?"

Oúnjẹ há sí Awakọ̀ lọ́fun. Ó yíjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ti ba obìnrin náà débi pé ojú ibi iṣẹ́ ló gbé wọ̀: kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro.

"Ẹ ti jọ gbìmọ̀ lé mi lórí," ni Awakọ̀ wí jẹ́ẹ́. Ó mú fìlà rẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Kò tún kù mọ́."

Ó jáde.

"Màmá! Níbo lẹ ti gbọ́ ìbéèrè yẹn?"

"Ṣebí ìwọ lò ń kà á sókè nínú ilé yìí nígbà tó ò ń kọ́ṣẹ́?"

"Mo ti bi í ní ọ́fíìsì, Màmá! Ó máa rò pé èmi ni mo rán yín. Ẹ ti lé ọkọ mi lọ."

Ojú ti màmá. "Ọkọ rẹ lo pè é? Kí lo wá dúró tì mí ṣe?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ibùdókọ̀ ojú irin ni obìnrin náà ti bá Awakọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ tó wà dé. Awakọ̀ ò sún mọ́ ọn.

"Wọ́n ní kó o wá tún mi wọ̀n?"

"Ẹnu mi ni màmá ti gbọ́ ọ, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Kò mọ̀ pé mo ti bi ọ́ rí. Mi ò sọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ fún un. Mi ò tiẹ̀ sọ fún ìwọ alára."

"Sọ ọ́ nísinsìnyí."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Àárín lo wà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Ibẹ̀ ni èmi náà wà."

"Ìbéèrè ẹ̀rín àti ẹkún ńkọ́?"

"Òdo."

"Òdo kẹ̀?"

"Ìwé wa fẹ́ kó o sọ pé méjèèjì ń fi ohun tó wà nínú èèyàn hàn. Kò mọ irú ìdáhùn tìrẹ. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kúrò lọ́kàn mi."

Awakọ̀ wò ó pẹ́. Ìfura náà ò tíì tán lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé e kiri.

"Èmi náà ní ìbéèrè kan. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ojú ibi iṣẹ́ tún fẹ́ yọ. Obìnrin náà la ẹnu.

"Jọ̀ọ́, má sọ pé ó tún kù o!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, omijé ti dà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ bo ojú, àmọ́ pàbó ló já sí. Àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń wò ó. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ náà.

"O gbà á," ló wí. "Wò mí. Èwo nínú wọn ló tọrọ àyè? O gbà á."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Màá fẹ́ ọ. Màá fẹ́ ọ, Awakọ̀ mi."

Awakọ̀ fi fìlà rẹ̀ nu omijé lójú obìnrin náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá," ló wí. "Mi ò tíì jẹun tán."