Aláìṣẹ̀ Tí Kò Padà Wálé

Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, nítorí kò sí ọ̀daràn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Olè ṣá onídìrí kan lọ́bẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú-Àwòdì mú ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin kan, ó tò ó mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn lẹ́bàá ògiri, kí onídìrí wá tọ́ka sí ẹni tó ṣe é.

Ọlọ́pàá obìnrin kan, onígbàgbọ́, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ẹni tí a fura sí ṣe ètò yìí. Ká sì sọ fún àǹtí yẹn pé olè náà lè má sí níbẹ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ológbò ní eku pípa?"

Onídìrí wò wọ́n títí. "Ọ̀gá, n ò mọ̀ o. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

Bí ojú rẹ̀ ṣe kan jórinjórin, Ojú-Àwòdì wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó yé onídìrí náà, ó nàka sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Wọ́n sọ jórinjórin sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ni àìsàn ti pa á. Kò pẹ́ sí i, ọwọ́ tẹ olè kan, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló ṣá onídìrí.

Ojú-Àwòdì lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá olóògbé. Ìyá náà ń ká aṣọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí tí iná ti jó lu.

"Ó dáa, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ bá mi lọ mú un wá."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Ojú-Àwòdì mutí, ọtí kò pa á. Níkẹyìn, ó wí fún ọlọ́pàá obìnrin yẹn pé, "Àbúrò mi, mo pa aláìṣẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké ni wọ́n fi kan Jésù náà mọ́gi, nítorí irú yín àti irú tèmi. Ẹ ké pè é."

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọ́fíìsì. "Jésù, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò lè wẹ̀ ẹ́ nù. Ṣàánú mi."

Ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá náà lónìí, ọlọ́pàá tó bá mọ ẹni tí a fura sí kì í dúró ti ẹlẹ́rìí mọ́. Ọlọ́run dárí jì í. Síbẹ̀, jórinjórin kò jí, ìyá rẹ̀ kò sì tíì lè wo Ojú-Àwòdì lójú.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? O lè ní o kò pààyàn. Ta lo ti bà jẹ́, tí agbára rẹ kò ká àtúnṣe rẹ̀? Níwájú Ìtẹ́ Ìdájọ́, Olúwa kò ní wá ẹlẹ́rìí kankan, torí ojú rẹ̀ ló ṣe. Òun kan náà ló ń nawọ́ àánú sí ọ báyìí. Má dúró dọ̀la. Sá tọ̀ ọ́ lọ lónìí, nígbà tí èémí ṣì wà nímú rẹ.