Ẹni Tí Kò Fẹ́ Ṣubú

"Ṣubú!" ni Kóòṣì pariwo.

Síméńtì kò ṣubú. Ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Tín-ín-rín, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é, dì í mú lápá àti lọ́rùn ẹ̀wù, ó fà á títí òógùn fi bò ó, kò rí i gbé.

Kóòṣì fọn fèrè. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ júdò dúró lójú kan lórí ẹní fóòmù tí wọ́n tẹ́ ká gbọ̀ngàn.

"Síméńtì, kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Kí n ṣubú, sà."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo dúró, sà. Kò tíì gbé mi dáadáa ni."

"Ta ló bi ọ́ nípa ìyẹn? Ṣé ìjà lẹ ń jà ni? Òun ń kọ́ bí a ṣe ń gbéni, ìwọ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Àbí ẹnu mi ni kò já gaara? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

Ó ti sọ ọ́ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Káfíńtà ni Kóòṣì, bí ó sì ti ń kan ìṣó náà ló ń kọ́ni: orí kan náà ni yóò máa gbá títí yóò fi wọlé. Ẹ fa àgbọ̀n mọ́ àyà. Ẹ fi apá gbá ẹní. Ẹ yí. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń ṣubú kì í ṣèṣe. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, bí ó lágbára bí erin, ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń bí Kóòṣì nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ ìdánwò bá ti pé, àwọn òbí a gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn lórí láàárọ̀, wọn a ní, "O ò ní ṣubú o." Ọmọ a ní, "Àmín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará ilé yín," ni Kóòṣì máa ń wí. "Kí wọ́n wá àdúrà mìíràn. Ìṣubú ni mò ń kọ́ yín níbí. Bí àdúrà yẹn bá gbà, kò sẹ́ni tí yóò yege nínú yín."

Àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín. Síméńtì kì í rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni ìnagijẹ náà ti wá. Ó sì rọ̀ mọ́ ọn nítorí pé bí ó bá ti dúró, ẹni tí yóò yí i nípò ṣọ̀wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Lójú tirẹ̀, ìṣubú àti ìtìjú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó sì ti tọ́ ìtìjú wò: ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ó kùnà nínú ìdánwò bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé. Òfin ẹgbẹ́ wọn le. Ẹni tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì yóò padà sí kíláàsì àwọn ọmọdé ní òwúrọ̀ Sátidé, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ń nu ikun imú sí apá ẹ̀wù.

Nítorí náà, nígbà tí Kóòṣì rán an lọ mú ìwé orúkọ ní ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì bọ̀rọ̀. Bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé tuntun ló wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Mẹ́ta ni. Àwọn tí yóò ṣe ìdánwò sì jẹ́ méje.

Ó lọ bá ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé kì í pa ẹnu rẹ̀ dé. Òun náà wà lára àwọn méje.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́!" ni Rédíò wí, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ló ń gbọ́ ọ. "Ipò kìíní, ipò kejì, ipò kẹta. Àwọn yòókù, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó dìgbà tí ẹnìkan bá sọ ọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tò wá nílé ìwé kọ́ nìyẹn? Èmi ò mikàn o, mo ti wà nínú mẹ́ta. Ìwọ àti Tín-ín-rín ni kí ẹ lọ yanjú ara yín."

Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Ọ́fíìsì Kóòṣì kò jìnnà, ẹnu sì wà lára Síméńtì. Ìbéèrè kan péré ló kù, kò bi í. Rédíò ló gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ ìdánwò, bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Eruku síméńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Olùdánwò tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́líìtì dúdú tí ó dì mọ́ ìbàdí ti gbó débi pé etí rẹ̀ ti funfun.

Méjì méjì ni wọ́n ń pè wọ́n; ẹni keje tó ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ló bá a ṣe é. Ọ̀kan yóò gbé ìkejì ṣubú lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọn yóò sì pààrọ̀.

Síméńtì ló kọ́kọ́ gbéni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Tín-ín-rín bá a lọ, tí ó yí lófuurufú, tí ó fi apá gbá ẹní pàà, tí ó sì dìde kíá. Ó dùn ún wò. Bàbá Síméńtì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ta ẹni tí ó jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdajì ẹwà náà, ẹni tí ó ń ṣubú ló ni ín.

Ó wá kan Tín-ín-rín láti gbéni.

Síméńtì wò ó lójú. Méje, mẹ́ta. Bí èyí bá yege, ó ti gba ọ̀kan lọ. Ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ṣe kò dára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe parọ́ fún yín pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Tín-ín-rín fà á. Kò lọ.

"Tú ara sílẹ̀, jọ̀ọ́," ni Tín-ín-rín sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbé mi, bí o bá lè gbé mi."

"Ìdánwò la ń ṣe!"

"Ìwọ lò ń ṣe é. Èmi ti ṣe tèmi."

Ó tún fà á, kò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Kóòṣì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ọmọ yìí ò ní pa mí," ni ó ń wí.

Inú bí Tín-ín-rín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wọlé sí i lábẹ́ apá, ó fi ìbàdí gbé e, gbogbo agbára rẹ̀ ló sì lò. Síméńtì kúrò nílẹ̀. Bí ó bá fa àgbọ̀n mọ́ àyà, tí ó fi apá gbá ẹní, ìṣubú lásán ni ìbá jẹ́. Ó na ọwọ́ jáde kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ọwọ́ kò lè dá ilẹ̀ dúró. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló gba gbogbo ìwúwo ara rẹ̀, igbe tí ó sì ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

Wọ́n fi yìnyín sí i, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Kò kán, ṣùgbọ́n ó ti wú. Olùdánwò ní kí ẹlòmíràn dúró fún Tín-ín-rín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbé onítọ̀hún, ó mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn náà ni olùdánwò pe Síméńtì.

"Nígbà tí ẹnìkejì rẹ ń gbé ọ, ta ló ń ṣe ìdánwò?"

"Òun ni, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni." Ó yí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ojú ìlà méjì ló wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ìgbéni àti ìṣubú. "Ní ìgbéni, o gba mẹ́rìnlélógójì nínú àádọ́ta. Kò sẹ́ni tó jù ọ́ lọ lónìí. Ní ìṣubú, kí lo fẹ́ kí n kọ síbẹ̀?"

Omi bọ́ lójú Síméńtì. "Bẹ́líìtì mẹ́ta péré ló wà, mà. Àwa sì jẹ́ méje."

Kóòṣì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Kóòṣì béèrè.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Rédíò. Rédíò ń wo òrùlé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ka pákó rẹ̀.

"Mẹ́ta ni mo rà!" ni Kóòṣì wí. "Mẹ́rin yòókù wà ní ìbàdí àwọn tí ń gba aláwọ̀ búlúù lónìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gòkè yóò tú tirẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èé ṣe tí a ó fi máa ra tuntun, tí ògbólógbòó ń jókòó lásán nínú àpótí? A sọ ọ́ fún àwọn òbí yín ní ìpàdé!"

"Mo wà níbẹ̀!" Bàbá Síméńtì ti dìde. "Èmi tí mo bí ọ, mo wà níbẹ̀, ilé kan náà la jọ ń sùn! O ò bi mí, o ò bi Kóòṣì, Rédíò lo lọ bi! Ọmọ yìí, irú kí ni?"

Ó jókòó, ó tún dìde, ó tún jókòó. Ó ti sú u.

Àwọn mẹ́fà ló yege. Mẹ́ta dì tuntun. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà tú tiwọn, wọ́n sì dì í fún àwọn àbúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kẹrin dúró láàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé lọ́wọ́, ó ń wò yíká, kò rí ẹni tí yóò dì í fún. Nígbà tó yá, ó ká a, ó sì fi í lé Kóòṣì lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ọwọ́ Síméńtì tó san. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ó padà, ó dúró sí ìparí ìlà àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ga jù wọ́n lọ bí òpó iná. Tín-ín-rín wá ran Kóòṣì lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Síméńtì lọ bá a.

"Má bínú."

"Mò ń bínú," ni Tín-ín-rín dáhùn. "Mo ṣubú fún ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìṣubú mi lo fi gba mẹ́rìnlélógójì yẹn. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo rò pé tí o bá rí i gbà, tèmi ti lọ nìyẹn."

"O rò ó, o ò béèrè."

"Mi ò béèrè."

Tín-ín-rín mí kanlẹ̀. "Bọ́ sí ibí jàre. Mo ṣì ń bínú o, kó má baà di pé o gbàgbé."

Ó dì í mú lápá àti lọ́rùn ẹ̀wù. Síméńtì tú ara sílẹ̀, ó sì lọ. Apá rẹ̀ gbá ẹní, ariwo náà kò já gaara.

"Ó dáa?" ni ó béèrè láti ilẹ̀.

"Kò dáa. Àgbọ̀n rẹ ńkọ́? Dìde, ká tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe títí ó fi dáa. Ọ̀pọ̀ ohun rere ayé kì í ṣe ipò kìíní, ipò kejì. Ẹni tí ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ kò jí nǹkan rẹ gbé bí ó bá yege, ìwọ náà kò sì ní ga sí i bí o bá dí i lọ́wọ́. Ọwọ́ tí Síméńtì nà jáde kí ó má baà ṣubú fún Tín-ín-rín, òun náà ni báńdéèjì wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.