Kókó Inú Orí Oníke

Èyí kì í ṣe àlá, kì í sì í ṣe àhesọ. Àwòrán náà ṣì wà nípamọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbà á lè lọ wò ó.

Obìnrin kan wà tí ń po oògùn atọpasẹ̀. Ìtànṣán ń bẹ nínú oògùn náà. Bó bá wọ iṣan aláìsàn, a tọ kókó jẹjẹrẹ dé inú ọpọlọ, a sì tàn níbẹ̀ fún ẹ̀rọ ayàwòrán. Láràárọ̀, kí aláìsàn tó dé, apòògùn a fi oògùn lú omi, a dà á kún orí oníke kan, a sì fi í dán ẹ̀rọ wò. Alága ni wọ́n ń pe orí náà: omi ló kún inú rẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bójú tó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bákan náà jákèjádò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gá, dókítà tó ń darí ìwádìí oògùn, fẹ́ fi ìwé àbájáde ránṣẹ́, kí oògùn náà lè di lílò káàkiri, Alága ní kókó nínú àwòrán. Lẹ́yìn etí òsì. Ó tó ẹyin àdàbà.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó ẹ̀gbọ́n apòògùn wà. Oògùn yìí ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tàn rárá. Ọ̀gá ní ara rẹ̀ le, kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi rí kókó náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, kí àbájáde má bàa lábàwọ́n.

"Afẹ́fẹ́ ló kó sínú omi," ni Ọ̀gá wí.

"Afẹ́fẹ́ a máa ṣókùnkùn, Ọ̀gá. Èyí ń tàn." Apòògùn kò gbé ohùn sókè. "Àbí ara Alága náà le? Ẹ ní kó máa lọ sílé."

Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé náà láìjẹ́ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n òun padà síbẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ó já orí náà gbà, ó da omi rẹ̀ sínú àgbá òjé tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán jáde, ó nù ún gbẹ, ó gbé e padà sẹ́nu ẹ̀rọ ní òfìfo.

Ẹ̀rọ ń kùn. Kókó náà yọ. Òun nìkan ló ń tàn nínú òkùnkùn.

"Ẹ kọ ọ́," ni apòògùn wí.

Ọ̀gá kọ orúkọ náà padà sínú ìwé. Wọ́n tún àwòrán yà. Kókó ẹ̀yìn etí òsì ti pòórá. Ṣùgbọ́n òmíràn ti yọ níwájú orí. Òmíràn wà ní ìpàkọ́.

"Orúkọ ẹni mélòó lẹ yọ kúrò nínú ìwé, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó dojú kọ àwòrán, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà wọ́n. Kò tíì kà wọ́n tán tí òmíràn fi yọ.