Ìyàwó Mi Ni

Iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ọkùnrin kan ti wọ́ obìnrin kan ní irun, tó gbá a létí, tó sì ń fa báàgì èjìká rẹ̀. Obìnrin náà kígbe pé kí wọ́n gba òun. Wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì, tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíì, ju irin sílẹ̀, ó dìde. Ọkùnrin náà na ìka sí i.

"Ìyàwó mi ni. Kẹ́nikẹ́ni má dá sí i."

Àfi bí ẹni da omi síná. Wẹ́dà jókòó padà. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí wo wẹ́dà, wẹ́dà wo onígbàjámọ̀, àwọn méjèèjì wá ń wolẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá la tọkọtaya níjà, òun ni yóò di ọ̀tá tí wọ́n bá parí ẹ̀ tán.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Téèpù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù; ibẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, téèpù ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Oníbàárà wọn ni obìnrin yìí. Téèpù mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa, òun gan-an ló wọ̀n ọ́n nígbà tí tọkọtaya náà wá ránṣọ: ọkùnrin kúkúrú, oníkùn, tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé téèpù ò ní yí òun ká. Èyí tó ń lu obìnrin yìí ga, ó tún tín-ín-rín.

"Àǹtí, ìyẹn kọ́ lọkọ ẹ̀," ló sọ jẹ́ẹ́.

"Panu mọ́. Tí wọ́n bá ṣe ẹ́ léṣe, kí ni màá sọ fún ìyá ẹ?"

Téèpù panu mọ́. Àwọn àgbà kún ibẹ̀, ó gbà pé ọ̀kan á dìde. Kò sẹ́ni tó dìde, torí ohun tí oníkálukú ń rò nípa ẹnì kejì nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ yọ fóònù, ó ń ya fídíò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wọn ṣáà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin náà yí apá obìnrin náà sẹ́yìn, eegun dún. Inú bí Téèpù débi pé kò rántí bẹ̀rù mọ́.

"Irọ́ ló ń pa! Mo mọ ọkọ ẹ̀! Olè ni!"

Gìrì, gbogbo wọn dìde. Kíá ni wẹ́dà ti gbá ọkùnrin náà mú, tí wọ́n dè é lọ́wọ́ de ọlọ́pàá. Ìgbà náà lẹnu wá yá. Wẹ́dà ní òun ti fẹ́ dìde tẹ́lẹ̀, onígbàjámọ̀ ní ara òun ti sọ fún òun. Àǹtí ń yangàn pé ọmọ òun gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kó Téèpù nírìíra.

Obìnrin náà jókòó sórí àga aránṣọ, ó fọwọ́ kan gbé apá tó kán mọ́ àyà. Kò dúpẹ́. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ká ní ọkọ mi ni ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Téèpù ju gbogbo wọn lọ. Òun náà, ohun tó pariwo ni pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀; kò pariwo pé wọ́n ń lu èèyàn. Ẹni tí wọ́n ń lù, èèyàn ni kó tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Tó o bá sì ń wojú ẹnì kejì kó o tó ké, mọ̀ pé ojú tìẹ lòun náà ń wò.