Ẹni Tó Tẹ̀lé Àlàbá

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Alájì Fáṣínà, oníṣòwò aṣọ ní àdúgbò Madagascar ní Douala, ìlú kan ní Cameroon, fi rìn wọ ilé ìwòsàn kan ní Bonabéri, ní òdìkejì odò, fún iṣẹ́ abẹ. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ẹ̀jẹ̀ oríṣi A ni wọ́n fà sí i lára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, O ni tirẹ̀. Ọlọ́pàá ti mú Sakinah, nọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà kọ́. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́ lọ́la tí wọn ò rí ẹlòmíràn mú, ẹ̀wọ̀n New Bell ló ń lọ, tòun ti ọmọ ọmú tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìnspẹ́kítọ̀ Adélàjà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Douala, kò fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá yá jù. Lọ́dún náà, ogun ti lé èèyàn rẹpẹtẹ kúrò ní Kumba àti Buea wá sí Bonabéri, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò sì fẹ́ kí ẹjọ́ kankan pẹ́ nílẹ̀. Sakinah sunkún, ó ní ohun tí ìwé pélébé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ sọ lòun tẹ̀lé. Adélàjà yẹ ìwé náà wò. “Fáṣínà, A” ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Inú bí i gan-an. Ta ló fi ìwé purọ́, tó wá ń wo abiyamọ níran nínú ìyà?

Ó ránṣẹ́ pe Ọláṣẹ́gun, ọmọ Ìbàdàn tó fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé náà. Ọjọ́ tí Fáṣínà kú gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ lo ètò yìí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ètò mi kì í purọ́.”

“Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ.”

“Bí dókítà bá bèèrè ẹ̀jẹ̀, ètò mi á ṣí fáìlì kékeré kan, á kọ orúkọ aláìsàn àti oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ ohun tó bá bá níbẹ̀, lẹ́yìn náà ètò á pa fáìlì náà rẹ́. Fáìlì àlejò ni, kì í pẹ́ láyé.”

“Ta ló ń sọ ọ́ lórúkọ?”

Ọláṣẹ́gun họ orí. “Èdè C ní irinṣẹ́ tó ń hun orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò lè méfò, tó sì ń rí i dájú pé orúkọ náà ò tíì ní olúwa. Mi ò lò ó. Mo ní kí n fi tiwa dárà. Ìbejì àtàwọn tó ń tẹ̀lé wọn ni mo tò síbẹ̀: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ìdògbé. Tó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ lórí Táíwò.”

“Bí ẹnì kan bá ti ṣí fáìlì tó ń jẹ́ Ìdògbé sílẹ̀ ńkọ́, tó sì tì í kí ẹlòmíràn má lè kọ sí i?”

Òógùn bo ọmọkùnrin náà. “Ètò mi ò ní lè kọ nǹkan kan sí i, kò sì ní lè pa á rẹ́. Irọ́ ẹni yẹn lẹ̀rọ á tẹ̀. Yéè! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.”

Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà. Ìdògbé ṣì jókòó síbẹ̀. Fáṣínà ni aláìsàn karùn-ún nínú àtòjọ iṣẹ́ abẹ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti rí láàárọ̀, àmọ́ ẹnì kan ti ṣí fáìlì yìí nígbà tí ètò náà ò tíì kọjá Ìdòwú. Orúkọ Christine, tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ṣí i.

“Monsieur l'inspecteur,” ni Christine, ọmọ Bàsá, wí, “mot de passe mi, ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, wà lára ògiri, gbogbo wa là ń lò ó.”

“Kí ló tẹ̀lé Ìdòwú?”

“Ṣé oúnjẹ ni?”

Ó wá ku Salman, tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Fáṣínà ni, bàbá rẹ̀ ti kú.

“A no di hear Yoruba fine, Ìnspẹ́kítọ̀,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Kumba ni wọ́n bí mi sí.”

Díẹ̀ ló kù kí Adélàjà fi í sílẹ̀. Òun alára ò mọ ẹni tó tẹ̀lé Àlàbá títí Ọláṣẹ́gun fi sọ ọ́, ọ̀pọ̀ Yorùbá ni kì í sì í kà kọjá ibẹ̀. Ó gba orí afárá lọ kí Rọ̀kíbátù, opó Fáṣínà.

“Ẹ kú aráfẹ́rakù, Ìyá. Ta lẹ fura sí?”

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ọmọ mi.” “Ìyá Salman bí ìbejì, ó bí Ìdòwú, ó bí Àlàbá, kó tó wá bí Salman. Ṣọ́jà mú Àlàbá lọ ní Kumba, kò sì padà wálé. Láti ìgbà náà ni Salman ò ti jẹun nílé wa mọ́. Ó ní Alájì ló júwe ọmọ náà fún wọn.”

“Ṣé òun ni lóòótọ́?”

Rọ̀kíbátù sorí kodò. “Ẹ̀rù ló bà á.”

Nírọ̀lẹ́, Adélàjà kó gbogbo wọn jọ sílé ìwòsàn. Wọ́n mú Sakinah náà wá, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn.

“Ọláṣẹ́gun mọ orúkọ náà,” ló wí, “àmọ́ òun ló ni ètò. Ì bá yí i padà láìfi ipa kankan sílẹ̀, kò sì ní yá orúkọ Christine lò. Christine ní tiẹ̀ rò pé oúnjẹ ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí rí Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú tí wọ́n ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà, ó sì mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Salman, o ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, irọ́ kọ́. Àmọ́ kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́ nílé?”

“Ìdògbé.” Omi bọ́ lójú Salman. “Èmi ni mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi, Ìnspẹ́kítọ̀. A ò rí òkú rẹ̀ sin. Tonton Alájì ló fi í lé wọn lọ́wọ́.”

“Mo gbọ́, ó sì dùn mí. Sakinah ńkọ́? Kí ló fi ṣe ọ́?”

Salman na ọwọ́ méjèèjì fún ọlọ́pàá.

Wọ́n tú Sakinah sílẹ̀. Christine fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Sakinah rọra yẹ̀ ẹ́, ó lọ dúró níwájú Salman.

“Ẹnu ọ̀nà lo dúró sí nígbà tí mò ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà kọ́. O ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí.’ Alájì ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń ṣàdúrà fún ọmọ mi.” Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sókè. “Wọ́n ti dá mi sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí lo fi pa á.”