Oníbodè Inú Ọpọlọ

Lọ́jọ́ tí Shukurat kọ́kọ́ wọ odò ẹran Agége, kóòtù funfun báláú ló wọ̀. Ó gbé fúláàsì ńlá kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí i lára. Gbogbo alápatà dá ọ̀bẹ dúró. Àbdùlgàfár, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Gàfár, gbàgbé pé itan màlúù wà léjìká òun.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọpọlọ màlúù ni mo fẹ́," ni ọmọbìnrin náà wí. "Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ara rẹ̀ ṣì gbóná."

Ẹ̀rín pa àwọn kan, àwọn mìíràn fura. Láyé ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù yẹn, tí sójà wà lórí àga, tí ìyà wà lórí aráàlú, ẹni tó bá ń béèrè ohun àjèjì kì í pẹ́ di ẹni à ń ṣọ́. Gàfár ò fura ní tiẹ̀. Ó la orí màlúù kan, ó yọ ọpọlọ inú rẹ̀, ó sì rọra gbé e sínú fúláàsì bó ṣe wà, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Àǹtí?"

"Tí mo bá sọ, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ gba ṣàkì lọ́fẹ̀ẹ́."

Shukurat sọ fún un. Yàrá ìwádìí iléeṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà nínú ọpọlọ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, sẹ́ẹ̀lì ara wọn sì lẹ̀ mọ́ra pinpin bí oníbodè tó fìka kọ́ra. Wọ́n á jẹ́ kí oúnjẹ wọlé, wọ́n á lé májèlé padà. Àbùkù wọn ni pé wọ́n ń lé oògùn padà pẹ̀lú. Bí àìsàn bá ti wọ ọpọlọ ọmọdé, ìta ni oògùn púpọ̀ máa dúró sí títí ọmọ á fi kú. Shukurat fẹ́ yọ àwọn oníbodè yìí láti inú ọpọlọ màlúù, kó tò wọ́n sórí asẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ife, kí wọ́n hù di odi. Ìgbà náà ló máa lè mọ oògùn tí wọ́n á jẹ́ kó kọjá.

"Ẹ fẹ́ kọ́ bodè sínú ife?" Gàfár bú sẹ́rìn-ín. Shukurat gba ṣàkì rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Àtàlátà ló ń wá, ìfẹ́ sì wọ Gàfár lára bí òtútù ọyẹ́. "Dókítà mi," ló ń pè é.

"Mi ò tíì di dókítà o."

"Ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ orúkọ."

Gàfár ò jẹ́ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kó tó dé, ọpọlọ tirẹ̀ á ti wà nílẹ̀ nínú abọ́ onídèérí, á mọ́ tónítóní. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ti jọ ń rìn ní Dọ̀pẹ̀mú lọ́jọ́ Àìkú, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Shukurat sì ti mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ nìyí.

Iṣẹ́ ni kò lọ. Ọpọlọ ọjọ́ àkọ́kọ́ hù dáadáa, ó kún asẹ́ kan. Láti ìgbà náà, èyí tó bá gbìn ló ń kú. Ọ̀gá rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ò lè ra asẹ́ mọ́ láti òkè òkun, náírà ti wọlẹ̀; ẹyọ mẹ́ta ló kù. Bí odi ò bá dúró kí ọdún tó parí, wọ́n á ti yàrá náà. Bàbá rẹ̀, Alàájì Dàwódù ti Ọmọ́lé, ti gbọ́ nípa yàrá náà àti nípa Gàfár. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti yàrá náà ni Shukurat ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì, alápatà ni yóò wá ṣọkọ rẹ̀? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Shukurat mú Gàfár wọ yàrá ìwádìí, ó ní kó fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju èérún òkú sẹ́ẹ̀lì lọ.

"Ọwọ́ mi ni ò dáa," ni Shukurat wí, omijé sì bọ́. "Èyí àkọ́kọ́ hù, mo wá ba gbogbo ìyókù jẹ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé ẹ̀bi mi ni."

Gàfár rántí abọ́ onídèérí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó lè dákẹ́, kó tún nǹkan ṣe ní Àtàlátà tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, kò sì fẹ́ pàdánù obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó wo lẹ́tà yẹn lórí tábìlì, kò lè mú un mọ́ra.

"Shukurat, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ mi ni."

"Báwo?"

"Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ń tì mí láti fún ọ ní nǹkan ẹlẹ́jẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́. Mo ń rẹ ẹ́ sómi ẹ̀rọ títí á fi funfun, gbogbo iṣan tójú mi bá tó ni mò ń fi ọ̀bẹ ṣa kúrò. Bá a ṣe ń ṣe é fún oníbàárà tá a bá fẹ́ràn nìyẹn."

Shukurat lanu. "Iṣan yẹn gan-an ni mò ń wá! Omi lásán á bẹ́ wọn pátá! Oṣù mẹ́rin, Gàfár!"

"Mo mọ̀. Dárí jì mí."

"Jọ̀ọ́, máa lọ sílé."

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Shukurat ò yọjú sí odò ẹran mọ́. Nígbà tí Àtàlátà pé, Gàfár fúnra rẹ̀ gbé ọpọlọ tútù lọ sẹ́nu géètì iléeṣẹ́ náà, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, nínú omi dídì. Shukurat gbà á, ó yíjú padà wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "O ṣeun." Lọ́sẹ̀ kẹta, ó sáré jáde sí géètì, gbogbo máìgádì ń wò ó.

"Ó dúró! Mo da omi aró sí apá kan, kò kán sí apá kejì! Gàfár, odi dúró!"

Ó dì mọ́ Gàfár lọ́rùn, tòun ti aṣọ alápatà tó wà lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú un lọ sí Ọmọ́lé. Alàájì Dàwódù ò ní kó jókòó.

"Ṣé ìwọ lo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ fóṣù mẹ́rin?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló mú ọ?"

"Kò sẹ́ni tó mú mi, sà. Èmi ni mo sọ."

Alàájì yí ojú sí ọmọ rẹ̀. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ká ní ó dákẹ́ ni, títí màá fi kú, ara mi ni màá máa dá lẹ́bi."

"Àwọn tó ti wá tọrọ Shukurat lọ́wọ́ mi," ni Alàájì wí níkẹyìn, "ohun tí wọ́n ní ni wọ́n ń kà fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àwọn bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, sà."

"Ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n wá rí mi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. N kì í so yìgì ọmọ mi fẹ́ni tí mi ò mọ ilé baba rẹ̀."

Gàfár dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹkún sì gbé e mì níbẹ̀, kò lè dìde. Shukurat wá kúnlẹ̀ tì í lójú bàbá rẹ̀, ó fà á lápá.

"Dìde," ló wí, "dìde, ọkọ mi."